Wọ́n Pààrọ̀ Púlọ́ọ̀gì Tán, Ọkọ̀ Wá Ń Gbọ̀n: Bí A Ṣe Ń Wá Ibi Tí Iṣẹ́ Náà Ti Wọ́

Ọkọ̀ tó ń lọ geere tẹ́lẹ̀, tí wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bó bá dúró, tó sì ń fà tìkọ̀ bí a bá tẹná, kì í sábà jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ kan ló ṣàdédé kú lọ́jọ́ yẹn gan-an. Síbẹ̀ sẹ́ńsọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré rà. Wọ́n á ra pọ́ǹpù epo lé e, wọ́n á fọ nọ́sù tó ń fọ́n epo, owó á lọ, ọkọ̀ á ṣì máa gbọ̀n. Ibi tí ọwọ́ kàn gbẹ̀yìn ló yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ. Bí wàhálà bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ẹ padà sídìí púlọ́ọ̀gì kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ sórí ohunkóhun mìíràn.

## Iṣẹ́ mẹ́ta ni púlọ́ọ̀gì ń ṣe

Ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo ayé mọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: púlọ́ọ̀gì ń ṣáná. Iná tó tó fóltì 12,000 sí 25,000, tó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, á ti ọ̀dọ̀ kọ́ìlì, ohun tó ń sọ iná bátìrì di ńlá, wá, á fo àlàfo tíńtín tó wà ní imú púlọ́ọ̀gì, á sì ràn mọ́ epo àti afẹ́fẹ́ tí písítọ̀nù ti tì pọ̀ sójú kan.

Èkejì ni pé ìdérí ni púlọ́ọ̀gì jẹ́. Ihò tó wọ̀ já tààrà sínú sìlíńdà, ihò ńlá tí písítọ̀nù ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀. Agbára tó ń ti písítọ̀nù sísàlẹ̀ nígbà tí epo bá gbaná, òun náà ló ń ti púlọ́ọ̀gì sókè, ní àìmọye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Tẹ́rẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ àti wásà tó jókòó lé lórí nìkan ló ń dá a dúró.

Ẹ̀kẹta ni ti ooru, èyí tí mo rò pé a kì í kà sí rárá. Ooru tó wà ní imú púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ ríbi gbà jáde, ọ̀nà tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń gbà ni ara tẹ́rẹ́ẹ̀dì àti ìjókòó wásà, bọ́ sínú tọ́ọ̀pù sìlíńdà (irin ńlá tó bo sìlíńdà lókè), níbi tí omi rédíétọ̀ á ti gbé e lọ. Imú yẹn ní láti gbóná tó nǹkan bí 500°C kó lè máa jó èérí ara rẹ̀ dànù. Bó bá wá kọjá nǹkan bí 850°C, imú tó ti pọ́n yòò fúnra rẹ̀ á máa tanná ran epo kí àsìkò rẹ̀ tó tó.

Nítorí náà, ẹni tó yọ púlọ́ọ̀gì, tó fi í kan irin, tó sì rí i pé ó ń ṣáná, iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìkan ló dán wò. Púlọ́ọ̀gì lè máa ṣáná dáadáa kó sì máa ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ lọ ní tirẹ̀. Àṣìṣe ọwọ́ tó fi í sí, iṣẹ́ kejì àti ìkẹta ló sábà máa ń kọlù.

## Púlọ́ọ̀gì tí kò le tó

Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì burú jù lójú tèmi, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe tirẹ̀. Ohun tó ń fà á pọ̀. Ẹni tó ń ṣe é lè máa bẹ̀rù kó má ba tẹ́rẹ́ẹ̀dì jẹ́. Ó lè jẹ́ èérí dúdú inú tẹ́rẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ló mú kí púlọ́ọ̀gì le kó tó jókòó, tí onítọ̀hún sì rò pé ó ti débi tó ń lọ. Yanrìn tàbí ègé ìpẹtà kan lè wà lábẹ́ wásà. Ó sì tún wọ́pọ̀ pé wọ́n fi ọwọ́ yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé kí wọ́n tó máa fi sípánà mú wọn le lọ́kọ̀ọ̀kan; ẹnìkan pè wọ́n, wọ́n dáhùn, ìgbà tí wọ́n padà dé, wọ́n ti fo ọ̀kan.

Ìró rẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́: tí-tí-tí, tàbí ṣí-ṣí-ṣí, tó ń yára bí ẹ bá ṣe ń tẹná sí i. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń pè é ní ìró tápẹ́ẹ̀tì, àwọn mìíràn á ní sàlẹ́ńsà ló ń jò láti ìdí. Lẹ́yìn náà agbára ọkọ̀ á dínkù, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó yẹ kó ti písítọ̀nù ń gba ẹ̀gbẹ́ púlọ́ọ̀gì sá jáde. Lórí ọkọ̀ tí kọ́ìlì rẹ̀ jókòó lórí púlọ́ọ̀gì tààrà, afẹ́fẹ́ gbígbóná yẹn ń jó rọ́bà ìsàlẹ̀ kọ́ìlì. Ẹ ó fà á jáde, ẹ ó rí i pé rọ́bà náà ti gan, ẹnu rẹ̀ ti sán, òórùn ìjóná sì wà lára rẹ̀. Wọ́n á ní kọ́ìlì ti kú, wọ́n á ra tuntun, tuntun náà á tún kú lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, nítorí pé ohun tó pa ti àkọ́kọ́ ṣì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀.

Bí ẹ bá tú púlọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀, ẹ yí wásà rẹ̀ sójú ìmọ́lẹ̀. Èyí tó jókòó dáadáa máa ń ní òrùka kan tó mọ́, tó ń dán, yíká ibi tó ti kan irin. Lára èyí tí kò le, òrùka náà á já síbì kan, ibi tó já yẹn á dúdú, dúdú náà á sì fà lọ sókè sára irin púlọ́ọ̀gì láti ìta.

Ooru ni ìparí ọ̀rọ̀. Púlọ́ọ̀gì tí kò jókòó dáadáa kò ríbi da ooru rẹ̀ sí. Tánganran imú rẹ̀, ìyẹn ara funfun tó yí irin àárín ká, á funfun bí ẹfun, nígbà mìíràn pẹ̀lú àwọn kóró kéékèèké lára rẹ̀, irin imú á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, epo á máa gbaná ṣáájú àkókò, bí ẹ bá sì ń wà á lọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tàbí lórí òkè, ihò lè wà lórí písítọ̀nù. Bí kò bá débẹ̀, gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì á máa tú púlọ́ọ̀gì náà lọ títí yóò fi fò jáde pẹ̀lú ariwo, pẹ̀lú kọ́ìlì lórí rẹ̀, tí yóò sì fa tẹ́rẹ́ẹ̀dì tọ́ọ̀pù sìlíńdà dání. Àwọn ẹ́ńjìnnì Ford kan tí wọ́n ń pè ní Triton, ti ìparí àwọn ọdún 1990 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, gba orúkọ burúkú lórí èyí, nítorí pé tẹ́rẹ́ẹ̀dì tó di púlọ́ọ̀gì mú nínú tọ́ọ̀pù wọn kò pọ̀. Lórí irú wọn, àìle díẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

## Èyí tí wọ́n yí le jù

Alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù sìlíńdà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, ó sì rọ̀ ju irin púlọ́ọ̀gì lọ. Sípánà tí apá rẹ̀ gùn lọ́wọ́ ẹni tó gbà pé ohun tó bá le jù ló dára jù, òun ló ń bí wàhálà yìí. Ẹ ó máa yí i, á máa le, lójijì á rọ̀ lọ́wọ́ yín. Tẹ́rẹ́ẹ̀dì ló jẹ yẹn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń jẹ. Nígbà mìíràn irin púlọ́ọ̀gì ló ń fà gùn, ìdè tó wà láàárín irin náà àti tánganran á sì yẹ̀, tí afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà á fi máa gba inú púlọ́ọ̀gì gan-an jáde. Lóde, kò sí ohun tí ẹ ó rí. Ọkọ̀ lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹni tí ìyà á wá jẹ ni ẹni tó fẹ́ tú u nígbà ìpààrọ̀ tó ń bọ̀: orí púlọ́ọ̀gì á kán, ìdí rẹ̀ á kù sínú ihò.

Gírísì bàbà tí wọ́n ń fi sí tẹ́rẹ́ẹ̀dì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí náà. Ọ̀pọ̀ àgbà mẹkáníìkì ò lè fi púlọ́ọ̀gì sí láìsí i, ó sì nídìí nígbà tí irin púlọ́ọ̀gì kò ní ìbòrí kankan. Àwọn ti òde òní ní ìbòrí tí kì í jẹ́ kí wọ́n dípẹtà, ilé iṣẹ́ NGK tó ń ṣe púlọ́ọ̀gì sì sọ pé kí a má fi nǹkan kan sí tẹ́rẹ́ẹ̀dì wọn. Gírísì ń mú kí tẹ́rẹ́ẹ̀dì yọ̀. Sípánà á fi hàn yín pé ẹ dé ibi tó yẹ, bẹ́ẹ̀ ẹ ti kọjá rẹ̀, ó sì lè fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún kọjá.

## Èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé

Bí púlọ́ọ̀gì bá wọ ihò ní wíwọ́, tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ á gé ọ̀nà mìíràn fún ara rẹ̀ nínú alumíníọ̀mù. Ẹ̀rí rẹ̀ kò farasin: ìka ò lè yí i mọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀pá sọ́kẹ́ẹ̀tì sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ihò. Ẹni tó bá fi sípánà tì í ní àkókò yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Bí ẹ bá yí i padà, tí ẹ rí ìfọ́ irin wẹ́wẹ́ tó ń dán lára tẹ́rẹ́ẹ̀dì, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má tún un gbìyànjú pé bóyá á wọlé lẹ́ẹ̀kejì.

## Púlọ́ọ̀gì tó dára, àmọ́ tí kì í ṣe ti ọkọ̀ yẹn

Nǹkan mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ bára mu: fífẹ̀ tẹ́rẹ́ẹ̀dì, gígùn rẹ̀, irú ìjókòó rẹ̀, àti bó ṣe ń gbé ooru lọ. Ti fífẹ̀ kò ṣòro, nítorí pé èyí tí kò bá bá a mu kò ní wọlé. Mìlímítà 14 ló wọ́pọ̀ jù, 12 ń pọ̀ sí i lára àwọn ọkọ̀ tuntun, 10 sì wà.

Gígùn ló ń tan ènìyàn jẹ. Púlọ́ọ̀gì méjì lè jọ ara wọn délẹ̀, kí tẹ́rẹ́ẹ̀dì ọ̀kan gùn tó mìlímítà 19, kí ti èkejì jẹ́ 12.7 péré. Bí ẹ bá fi kúkúrú sí ibi gígùn, imú rẹ̀ á sápamọ́ sínú ihò, epo ò ní gbaná dáadáa, èérí dúdú á sì kún tẹ́rẹ́ẹ̀dì tó ṣófo nísàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi gígùn padà, kò ní wọlé. Bí ẹ bá fi gígùn sí ibi kúkúrú, písítọ̀nù tàbí fáàfù lè kàn án. Ẹ máa fi tuntun ti ògbólógbòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ tó yọ tuntun kúrò nínú páálí pátápátá.

Ní ti ìjókòó, ọ̀nà méjì ló wà: èyí tó ní wásà tó sì jókòó pẹrẹsẹ, àti èyí tí kò ní wásà, tí ìdí rẹ̀ rí gẹ́gẹ́rẹ́. Ẹ má fi ọ̀kan sí ibi ìkejì. Ẹ má sì ti wásà kún ti onígẹ́gẹ́rẹ́ nítorí pé ẹ rò pé wọ́n gbàgbé rẹ̀ nílé iṣẹ́.

Ooru ní pańpẹ́ tirẹ̀. Lára NGK, bí nọ́ńbà ìwọ̀n ooru bá ṣe tóbi tó ni púlọ́ọ̀gì ń tutù tó, ìyẹn ni pé 6 ń gbé ooru lọ ju 5 lọ. Lára Bosch àti Champion, òdìkejì ni: nọ́ńbà tó tóbi ló gbóná. Ẹni tó bá ń fi nọ́ńbà wá àrọ́pò láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn gbọ́dọ̀ wo ìwé wọn, kó má fi orí rò ó. Èyí tó gbóná jù á mú epo gbaná ṣáájú àkókò. Èyí tó tutù jù á máa dúdú, ẹ́ńjìnnì á sì máa mísì (epo inú sìlíńdà kò ní gbaná bó ṣe yẹ) ní òwúrọ̀ tàbí bí ẹ bá ń rìn díẹ̀díẹ̀.

## Àlàfo imú àti tánganran tó sán

Púlọ́ọ̀gì tó bọ́ sílẹ̀, kódà tí kò fọ́, ẹ kà á sí èyí tó ti bàjẹ́ títí ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Irin títẹ̀ iwájú rẹ̀ lè ti lẹ̀ mọ́ irin àárín. Ìwé ọkọ̀ ló ń sọ bí àlàfo ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, ó sì sábà máa ń wà láàárín mìlímítà 0.6 sí 1.1. Bó bá fún jù, iná rẹ̀ á kéré. Bó bá fẹ̀ jù, kọ́ìlì á máa ṣe làálàá, bí ẹ bá sì tẹná dáadáa ni yóò mísì. Lára púlọ́ọ̀gì ìrídíọ̀mù, irin àárín tín-ín-rín, ó sì ń kán, nítorí náà ẹ má fi ohunkóhun gbún un. Irin títẹ̀ ìta nìkan ni kí ẹ tẹ̀, bó bá tiẹ̀ pọn dandan.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí wọ́n ń yí i ló ń sán tánganran. Ojú lè má rí ibi tó sán, àmọ́ iná á rí i. Dípò kó sọ̀kalẹ̀ lọ sí imú, á gba ara tánganran fò sórí irin, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ẹ ó rí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fà láti òkè dé ìsàlẹ̀ lára funfun náà, ìlà kejì rẹ̀ á sì wà nínú rọ́bà kọ́ìlì ní ọ̀gangan rẹ̀. Bí ìlà yẹn bá ti wà, ẹ pààrọ̀ méjèèjì, nítorí èyí tó bá kù á ba tuntun jẹ́. Àmọ́ o, òrùka àwọ̀ ilẹ̀ tó máa ń yí tánganran po níbi tó ti wọnú irin, èyíinì kì í ṣe àìsàn. Mo ti rí i tí wọ́n torí rẹ̀ da púlọ́ọ̀gì tó dára nù.

Kí n má gbàgbé: àwọn púlọ́ọ̀gì kan ní nọ́ọ̀tì kékeré lórí, èyí tó ṣeé tú. Ọkọ̀ kan fẹ́ kó wà níbẹ̀, òmíràn fẹ́ kí a yọ ọ́. Bó bá wà àmọ́ tí kò le, ẹ́ńjìnnì á máa mísì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹ̀rọ tó máa sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

## Wáyà àti kọ́ìlì

Lórí ọkọ̀ oníwáyà, níbi tí wáyà ti ń gbé iná lọ bá púlọ́ọ̀gì, bí wáyà méjì bá ṣípò padà, ẹ́ńjìnnì á yìnbọn láti ẹnu ìfami-afẹ́fẹ́ tàbí láti sàlẹ́ńsà, tàbí kó kọ̀ láti dìde. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà mẹ́rin tó tò sí ìlà kan ń ṣáná ní 1-3-4-2, síbẹ̀ ẹ wo ti yín nínú ìwé rẹ̀. Lórí oníkọ́ìlì, ẹ gbọ́ “ká” nígbà tí ẹ bá ti sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà rẹ̀ wọlé, kí ẹ sì rí i pé búlóòtù kọ́ìlì padà sí ààyè rẹ̀. Kọ́ìlì tó ń mì á máa gé iná.

## Bí ẹ ó ṣe wá ibi tó wà

Bí iná ẹ́ńjìnnì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù bá tàn dúró, ẹ lè rọra wa ọkọ̀ délé. Bó bá ń ṣẹ́jú, ẹ dúró. Epo tí kò jó ń ṣàn lọ sínú kátálíìsì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ lọ́nà sàlẹ́ńsà, ó ń jó níbẹ̀, kátálíìsì sì wọ́n ju gbogbo púlọ́ọ̀gì inú ọkọ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀.

Ẹ fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò sí i, yóò kọ nọ́ńbà wàhálà náà jáde. P0301 ń sọ pé sìlíńdà kìíní ló ń mísì, P0302 ìkejì, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. P0300 ní ọ̀ràn náà kò dúró sójú kan. Ká ní P0302 ló jáde. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ gbé kọ́ìlì kejì lọ sí ìkẹta, kí ẹ gbé ti ìkẹta wá sí ìkejì, ẹ pa àkọsílẹ̀ náà rẹ́, ẹ tún un tan. Bó bá di P0303, kọ́ìlì lọ̀ràn wà. Bó bá dúró sí P0302, ẹ ṣe irú rẹ̀ fún púlọ́ọ̀gì. Bí púlọ́ọ̀gì bá sì ṣípò tí mísì kò tẹ̀ lé e, tí ó wá dá pátápátá, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ ti fi sí bó ṣe yẹ ní ọ̀tẹ̀ yìí. Púlọ́ọ̀gì náà kò ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí kò bá sí nínú méjèèjì ni ẹ tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í wo nọ́sù àti agbára ìfúnpọ̀ inú sìlíńdà.

Ẹ má fa kọ́ìlì tàbí wáyà yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti wo èyí tó kú. Iná rẹ̀ lè gbé ènìyàn, ó sì lè ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́.

Nígbà tí ẹ bá ń tú púlọ́ọ̀gì, ẹ fiyè sí bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe le sí. Èyí tó tú pẹ̀lú ìka méjì ti sọ ti ẹnu rẹ̀. Ẹ tò wọ́n sórí aṣọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà nínú ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì wò wọ́n pọ̀: bí mẹ́ta bá ní àwọ̀ ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, tí ọ̀kan sì funfun tàbí dúdú kirikiri, ọ̀rọ̀ ti sìlíńdà yẹn nìkan ni. Bí gbogbo wọn bá dúdú, ẹ́ńjìnnì ń mu epo jù, tàbí ìwọ̀n ooru púlọ́ọ̀gì kò bá a mu. Bí ọ́ìlì bá wà lókè, nínú kànga púlọ́ọ̀gì (ihò jíjìn tí púlọ́ọ̀gì wà nísàlẹ̀ rẹ̀), rọ́bà ìdérí fáàfù ló ń jò. Fífi púlọ́ọ̀gì tuntun sínú ọ́ìlì yẹn kò tún nǹkan kan ṣe.

## Bí ẹ ó ṣe fi í sí

1. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà ní pípa. Alumíníọ̀mù gbígbóná rọ̀, ó sì rọrùn fún tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láti jẹ.

2. Ẹ yọ kọ́ìlì, kí ẹ fi afẹ́fẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fẹ́ inú kànga púlọ́ọ̀gì kí ẹ tó tú u. Ohun tó bá wà níbẹ̀, inú sìlíńdà ló ń lọ bí púlọ́ọ̀gì bá ti kúrò. Ẹ wọ gíláàsì ojú.

3. Ẹ tú u. Bó bá kọ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ yí i díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ kán ọ́ìlì atúpẹtà sí i, kí ẹ fún un láyè kí ọ́ìlì náà ràn wọlé. Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì ni kí ẹ máa ṣe wọ́n, pàápàá lórí ọkọ̀ oníwáyà, kí wáyà má baà ṣìnà.

4. Ẹ wo tẹ́rẹ́ẹ̀dì inú ihò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ìjókòó wásà.

5. Ẹ wọn àlàfo tuntun, kódà bí páálí bá sọ pé wọ́n ti tò ó nílé iṣẹ́.

6. Ẹ má ju púlọ́ọ̀gì sínú ihò kó lọ balẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní rọ́bà tàbí mágínẹ́ẹ̀tì gbé e, tàbí kí ẹ fi ẹnu rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ìfami-epo mú orí rẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ kalẹ̀. Rọ́bà ni mo fẹ́ràn jù: bí tẹ́rẹ́ẹ̀dì bá fẹ́ wọ́, rọ́bà náà á kàn máa yọ̀ lórí púlọ́ọ̀gì, kò ní agbára láti tì í wọlé ní tìpá.

7. Ẹ kọ́kọ́ yí i sẹ́yìn, bí ẹni ń tú u, títí tí ẹ ó fi gbọ́ tàbí mọ̀ ọ́n lára pé ó jábọ́ díẹ̀ sínú ìbẹ̀rẹ̀ tẹ́rẹ́ẹ̀dì. Nígbà náà ni kí ẹ tó yí i síwájú. Ìka nìkan ni kí ẹ fi yí i títí yóò fi jókòó. Tẹ́rẹ́ẹ̀dì onímìlímítà 19 gba ọ̀pọ̀ yíyí kó tó débẹ̀. Bó bá dúró lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ yọ ọ́ jáde kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀.

8. Ẹ fi sípánà tọ́ọ̀kì, èyí tó ń wọn agbára, mú un le. Fún púlọ́ọ̀gì oníwásà nínú tọ́ọ̀pù alumíníọ̀mù, onímìlímítà 14 sábà máa ń gba 25 sí 30 Nm (òṣùwọ̀n agbára yíyí), onímìlímítà 12 á gba 15 sí 20 Nm, ti 10 á gba 10 sí 12 Nm. Onígẹ́gẹ́rẹ́ ti 14 ń gba 10 sí 20 Nm. Bí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ ohun mìíràn, ti ìwé ni kí ẹ ṣe.

Bí kò bá sí sípánà tọ́ọ̀kì, àwòrán wà lára ọ̀pọ̀ páálí. Púlọ́ọ̀gì tuntun oníwásà, ti mìlímítà 14, lẹ́yìn tí ìka bá ti mú un jókòó, NGK ní kí a yí i ní ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta yípo. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ bí wásà náà ṣe ń rún, tó rọ̀, kó tó le. Èyí tí ẹ ti lò rí, tí wásà rẹ̀ ti rún, kò gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ. Onígẹ́gẹ́rẹ́, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún péré. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe, wọ́n á fún gbogbo rẹ̀ ní irú yíyí kan náà.

9. Ẹ fi gírísì tánganran, ìyẹn èyí tí iná kì í gbà kọjá, díẹ̀ sí ẹnu rọ́bà kọ́ìlì láti inú. Kò gbọdọ̀ kan irin orí púlọ́ọ̀gì. Ẹ tì í wọlé tó fi jókòó, ẹ dá búlóòtù rẹ̀ padà, ẹ ti wáyà rẹ̀ wọlé.

10. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ẹ gbọ́ bóyá tí-tí-tí yẹn wà, kí ẹ tẹná díẹ̀ kí ẹ tún gbọ́.

## Bí tẹ́rẹ́ẹ̀dì bá ti jẹ

Ẹ má fi tépù, gọ́ọ̀mù tàbí púlọ́ọ̀gì tí wọ́n fi wáyà wé tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dí i. Ó máa fò jáde. Bó bá jẹ́ pé tẹ́rẹ́ẹ̀dì ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló wọ́ díẹ̀, irin ìtún-tẹ́rẹ́ẹ̀dì tó ń ti inú wá síta lè tò ó padà. Bó bá jẹ tán, wọ́n máa ń lu ihò náà fẹ̀, wọ́n á gé tẹ́rẹ́ẹ̀dì tuntun, wọ́n á sì fi ìbọ̀ irin sínú rẹ̀. Helicoil jẹ́ irin wíwé. Time-Sert jẹ́ odindi ìbọ̀, òun ni mo sì máa yàn fún ihò púlọ́ọ̀gì, nítorí pé kì í sábà bá púlọ́ọ̀gì jáde nígbà ìpààrọ̀ tó ń bọ̀.

Àtúnṣe yìí ṣeé ṣe láìyọ tọ́ọ̀pù sìlíńdà, bí ẹni tó ń ṣe é bá mọ̀ ọ́n. Ó gbọ́dọ̀ fi gírísì kún ihò irin ìgétẹ́rẹ́ẹ̀dì kó lè gbá ìfọ́ irin mú, kó máa yọ ọ́ jáde lóòrèkóòrè láti nù ún, kó sì fi afẹ́fẹ́ àti ẹnu ìfàdọ̀tí tẹ́ẹ́rẹ́ kó ohun tó bá já sínú sìlíńdà jáde. Kí púlọ́ọ̀gì tó padà síbẹ̀, ẹ ní kó fi kámẹ́rà kékeré onírọ́bà wo orí písítọ̀nù níṣojú yín. Bí kò bá ní kámẹ́rà yẹn, ẹ wá ẹni tó ní i.